Ológbò Tí Wọ́n Fún Ní Kúìtì

Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé ní Imota, ẹjọ́ kan wà tí a máa ń dá tí a kì í yí i padà: Tom ló jẹ̀bi. Bí Jerry bá ti gbé áyọ̀ọ̀nù gbígbóná lé e níru, bí ajá bá ti kì í mọ́lẹ̀, àtẹ́wọ́ ni. Ilé kan ṣoṣo ló ní fídíò ládùúgbò wa nígbà náà. A ó kún pálọ̀ wọn bámúbámú, àwọn díẹ̀ lórí àga, àwọn tó pọ̀ jù nílẹ̀, àwọn tí ò ríbi wọlé á rọ̀ mọ́ fèrèsé. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, kò sẹ́ni tó jẹ́ dìde, torí ẹni tó bá dìde, ààyè ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ìyá àgbà kan wà nínú ilé yẹn tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ó ní ológbò kan tó máa ń sùn sórí àpò ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Tom àti Jerry ò nílò Gẹ̀ẹ́sì, torí wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ìyá dúró lẹ́yìn wa, ó wo fíìmù kan tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni ológbò yìí fi ṣe yín gan-an? Ṣebí iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á sílé ló ń ṣe." A rẹ́rìn-ín. A ní, "Màmá, ìkà ni o." Ìyá ní ó dáa náà, ó padà sídìí ọjà rẹ̀.

Nísinsìnyí a ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. A kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, kóòdù ni a ń kọ jẹun. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé wa ni. Ohun tó dá wa padà sídìí Tom lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, a ó dé ibẹ̀.

Lónìí, bí ẹ bá dárúkọ Imota, ilé iṣẹ́ ìrẹsì ni àwọn èèyàn máa ń rántí, èyí tí Ààrẹ Buhari wá ṣí ní oṣù Kínní ọdún 2023, tí wọ́n ní ó lè ṣe ìrẹsì tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan. Níbi tí ìrẹsì bá wà, èkúté á wà, níbi tí èkúté bá sì wà, ẹnìkan á wá ológbò. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa, àwa Yorùbá kì í fi gbogbo ọkàn nífẹ̀ẹ́ ológbò. Ojú rẹ̀ lóru ń bà wá lẹ́rù. Bó bá ké lórí òrùlé, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ àdúrà. A gbà á sílé torí èkúté ni, a ò gbà á torí ẹwà. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ológbò lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ọmọ ilé. Ìdí nìyẹn tí ìyá onírẹsì fi rí ohun tí àwa ọmọ iléèwé ò rí.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1940, ilé iṣẹ́ MGM ní Amẹ́ríkà gbé fíìmù kátúùnù kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Puss Gets the Boot. William Hanna àti Joseph Barbera ló ṣe é. Ológbò inú ẹ̀ ò tíì máa jẹ́ Tom; Jasper ni wọ́n ń pè é. Jasper ń fi èkúté ṣeré ìkà. Ó ń fà á níru, ó tilẹ̀ ya ihò èkúté sára ògiri kí èkúté lè sáré forí sọ ọ́. Níbi eré yìí ni nǹkan ti fọ́. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé wọlé, ó ní bí ohun kan ṣoṣo bá tún fọ́, ológbò ti di ará òde nìyẹn. Èkúté gbọ́. Láti ìgbà náà lọ, kí ó ṣáà ti gbé ife kan lọ́wọ́, kí ó ṣe bí ẹni fẹ́ jù ú sílẹ̀, Jasper á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Ẹ tún un wò. Ohun tó ń ba Jasper lẹ́rù kì í ṣe ebi. Ikú kọ́ náà ni. Òde ni. Orúkọ fíìmù náà pàápàá, ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ta nípàá síta ni. Gbogbo ayálégbé Èkó ló mọ ìbẹ̀rù yìí. Ẹni tí lánlọ́ọ̀dù bá ti fún ní kúìtì rí mọ ìdí tí àgbàlagbà fi lè máa yọ́ rìn nínú yàrá tó ti sanwó rẹ̀. Bí a bá sì fi ojú yìí wo àwọn fíìmù tó tẹ̀ lé e, a ó rí i pé Tom kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ jẹ Jerry. Mílíìkì ló ń mu. Èkúté ni iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ sì ni owó ilé rẹ̀.

Nígbà tí a bá sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wa pé Tom jọ Ìjàpá, wọn kì í jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní Jerry ni Ìjàpá: ó kéré, ọgbọ́n ló fi ń jẹun, ó máa ń dójú ti alágbára. Àbọ̀ òótọ́ nìyẹn. Ìjàpá inú àlọ́ wa kì í borí lójoojúmọ́. Òun ló jẹ oògùn tí babaláwo sè fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀, tí ikùn tirẹ̀ wá wú. Òun ló bu oúnjẹ gbígbóná sínú fìlà nílé àna, tó dé e mọ́rí, tí orí fi pá. Ọgbọ́n tó dá lówùúrọ̀ ló máa ń ká a mọ́ lálẹ́. Nínú àlọ́, ọgbọ́n àti ìyà, inú ara kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Ohun tí Hanna àti Barbera ṣe ni pé wọ́n la Ìjàpá sí méjì. Wọ́n kó ọgbọ́n tó ń yọrí sí rere fún èkúté, wọ́n kó ìyà fún ológbò.

Kì í ṣe ìyípadà kékeré o. Ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ Ìjàpá ò lè gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ẹni tó ń pa á lẹ́rìn-ín nísinsìnyí náà ni wọn ó nà láìpẹ́, ọmọ náà á sì máa wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀, torí òun náà ti jí ẹran nínú ìkòkò rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wo Tom àti Jerry, ó ti rí ẹgbẹ́ tí yóò wà. Ó lè fi gbogbo ìyà síta ara rẹ̀, kó máa fi ẹni tó ń jẹ ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ní pálọ̀ Imota, Jerry ni gbogbo wa, kò sẹ́ni tó jẹ́ Tom. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá wo inú ilé yẹn dáadáa, ọmọ ọ̀dọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa, tí wọn ò ní í jókòó wo fíìmù tán kí wọ́n tó pè wọ́n pé kí wọ́n wá fọ abọ́.

Ibi kan tí Tom àti Ìjàpá ti tún jọra ni pé iṣẹ́ tuntun ló ń ṣe nínú ìtàn kọ̀ọ̀kan. Láàárín 1940 sí 1958, Hanna àti Barbera ṣe fíìmù 114 lórí ológbò àti èkúté yìí. Tom ti ṣe olówó, ó ti ṣe ẹ̀ṣọ́ ọba, ó ti dúró lábẹ́ fèrèsé olólùfẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gìtá ńlá onídùn-ún-dùn-ún tó ń kọrin. Nínú Anchors Aweigh ọdún 1945, níbi tí Jerry ti jẹ́ ọba tó bá Gene Kelly jó, ìránṣẹ́ tó ń gbé àwo oúnjẹ ni wọ́n fi Tom ṣe, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má pẹ́ lójú àwòrán rárá. Bí fíìmù bá ti parí, bí ìgbà tí a pa kọ̀ǹpútà tí a tún un tàn ni: egbò ti san, eyín tó kán ti padà, gbèsè ti parẹ́. Ìwà nìkan ló ṣẹ́ kù.

Àwọn tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irú òṣèré bẹ́ẹ̀ fún wọn. Moses Ọláìyá ṣe é fún wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá Sàlá lè jẹ́ olówó lónìí, kó di ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n awò ńlá ojú rẹ̀ àti táì gbàgẹ̀rẹ̀ ọrùn rẹ̀ ò yí padà, ahun náà ni, ọ̀kánjúwà náà ni. A máa ń mọ̀ pé á kó sí wàhálà kó tó la ẹnu. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu ni Bàbá Sàlá fi ń jà, Tom ò ní ẹnu. Ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ àti orin Scott Bradley ló ń bá a sọ̀rọ̀. Àní igbe Tom tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, ọ̀fun William Hanna fúnra rẹ̀ ló ti wá. Ẹni tó dá a ló ń bá a ké.

Bí ẹ bá ní kí a yan fíìmù kan ṣoṣo tí ẹ fi máa mọ ẹni tí Tom jẹ́, The Cat Concerto ni a ó yàn. Ọdún 1947 ló dé ilé sinimá. Tom wọ kóòtù dúdú, ó rìn wọlé bí ẹni tí ayé ń retí, ó jókòó sídìí dùùrù ńlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta Hungarian Rhapsody kejì ti Franz Liszt. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ìka ń ṣiṣẹ́, imú wà lókè. Àṣé Jerry ń sùn nínú dùùrù, igi tó ń lu okùn ló jí i. Ìjà dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: Tom ò dá orin dúró. Jerry pa ìdérí dé mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń ta á lọ. Jerry gbé pàkúté sáàárín eyín dùùrù, pàkúté gbá a níka, ó ń ta á lọ. Nígbà tí ọwọ́ ò ráyè, ó fi ẹsẹ̀ ta á. Níkẹyìn Jerry fara balẹ̀ nínú dùùrù, ó gba orin náà ṣe fúnra rẹ̀, ó ń sá eré lé orin, Tom ò sì lè ṣe nǹkan kan ju kó máa sáré tẹ̀lé e. Nígbà tí orin máa parí, kóòtù ti ya, irun ti dà rú, Tom wó lé dùùrù. Àtẹ́wọ́ sọ. Iná tan sórí Jerry, Jerry tẹrí ba.

Nígbà yẹn, Jerry ni àwa náà pàtẹ́wọ́ fún. Lónìí, òṣìṣẹ́ kan la rí, ẹni tó mọṣẹ́, tí nǹkan ń bù ú jẹ lábẹ́, tí kò sì lè pariwo torí pé àwọn tó sanwó ti jókòó síwájú. Ẹni tó bá ti fi ètò kọ̀ǹpútà kan han oníbàárà rí, tí ẹ̀rọ sì ń dojú bolẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mọ irú ẹ̀rín tó wà lójú Tom yẹn. Fíìmù yìí wà lára méje tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar nínú eré wọn. Orúkọ ọ̀gá tó ń mójú tó iṣẹ́ náà, Fred Quimby, ni wọ́n sì fi ń gba àmì-ẹ̀yẹ ọ̀hún, kì í ṣe ti Hanna àti Barbera tó jókòó yà á. A kàn sọ ọ́ ni o.

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní tó bá jẹ́ torí ilé nìkan ni Tom ṣe ń lé èkúté, kí ló dé tí kò jáwọ́ nígbà tó lówó? Ìbéèrè tó ká wa lára jù nìyẹn. Nínú The Million Dollar Cat, ọdún 1944, Tom jogún mílíọ̀nù dọ́là kan. Ilé ńlá, oúnjẹ, mọ́tò, gbogbo ẹ̀ di tirẹ̀. Májẹ̀mú kan ló wà: kò gbọdọ̀ pa ẹranko kankan lára, títí kan èkúté. Jerry gbọ́ májẹ̀mú náà, ó wá ń fi Tom ṣe yẹ̀yẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀. Tom fara dà á, ó fara dà á, títí tí ara ò gbà á mọ́. Ó ya lù ú, ó mọ̀ pé òun ń sọ mílíọ̀nù kan nù, inú rẹ̀ sì dùn.

Fún ọjọ́ pípẹ́ a rò pé fíìmù yìí fọ́ àlàyé wa sí wẹ́wẹ́. Kò sí ẹni tó lè lé Tom jáde mọ́, síbẹ̀ ó ṣì lé èkúté. A ti wá ń rò ó báyìí pé ibẹ̀ gan-an ni àlàyé náà ti jinlẹ̀. Ohun tí ìbẹ̀rù òde kọ́ ọ ti wọ ọ́ lára. Iṣẹ́ ti di ìwà. A mọ bàbá kan ní àdúgbò wa tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọdẹ aṣọ́lé, tó ṣì máa ń jí ní aago méjì òru láti yí ilé po pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ta ló rán an? Ẹ bi Tom. Àwa ò sì ní pè é ní ẹni rere. Ìkà tó fi èkúté ṣe nínú fíìmù àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀ fún un. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń nà máa ń rí ẹni tó kéré sí i nà. Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbẹ̀.

Ibi tó bá ti ń kan ikú, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí kì í fi í sílẹ̀. Nínú The Two Mouseketeers, ọdún 1952, wọ́n ní kó ṣọ́ oúnjẹ ọba, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé orí rẹ̀ ni yóò fi dí i bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Èkúté méjì kó oúnjẹ lọ. Ọ̀bẹ já. Àwọn èkúté náà dárò rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. A rẹ́rìn-ín níbẹ̀ nígbà kan! Nínú Heavenly Puss, ọdún 1949, dùùrù já lu Tom, ó dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sọ́run. Adènà wo ìwé rẹ̀, ó ní àfi kí ó gba ìwé ìdáríjì tí Jerry fọwọ́ sí, wákàtí kan ló ní. Ọ̀run wa máa ń ní ọ́fíìsì nínú. Nínú Ọ̀run Móoru tí Ọlá Balógun darí ní 1982, Bàbá Sàlá náà, lẹ́yìn tí oníjìbìtì ti gba gbogbo ohun ìní rẹ̀, dé ọ̀dọ̀ Ikú, wọ́n ní àsìkò rẹ̀ ò tíì tó, kó máa padà. Àwọn méjèèjì ló jí padà sáyé. Nínú méjèèjì, nǹkan kan náà ló pa wá lẹ́rìn-ín: ẹni tí kò rí ààyè nílé ayé, tí wọ́n tún ń bi ní ìwé lẹ́nu ọ̀nà kejì. (Àwọn ayédèrú fíìmù yẹn ló kó Moses Ọláìyá sí gbèsè. Inú àwo ayédèrú tí wọ́n ń tà ní Sábọ̀, Ìkòròdú, ni àwa náà ti wo Tom. Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ò lè fò. Obìnrin tó ń fìgbálẹ̀ lé Tom jáde nínú àwọn fíìmù àtijọ́ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la máa ń rí: ìbọ̀sẹ̀, sálúbàtà, etí àpúrọ́ọ̀nù. Obìnrin dúdú ni. Ní Imota, a rò pé òun ló nilé. Kí ló tún lè jẹ́? Obìnrin dúdú tó ń pàṣẹ nínú ilé, gbogbo wa ló ní irú ẹ̀. Àfìgbà tí a dàgbà la mọ̀ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fi ya, àwòrán bí àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà ìgbà náà ṣe máa ń rí àwọn obìnrin dúdú tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé. Lillian Randolph, òṣèré aláwọ̀ dúdú, ló fi ohùn rẹ̀ ṣe é, wọn ò sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó yá, ìtìjú bá àwọn tó ni fíìmù. Wọ́n fi obìnrin aláwọ̀ funfun rọ́pò rẹ̀ nínú àwọn kan, wọ́n pààrọ̀ ohùn rẹ̀ nínú àwọn mìíràn. Lójú tiwa, yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ ò tún nǹkan ṣe. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí wọn ò jẹ́ ká rí ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n gba ohùn rẹ̀ náà ni. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ohun tó yẹ kó dun èèyàn á dùn ún: ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ń lé ọmọ ọ̀dọ̀ kejì jáde torí ife ẹlòmíì tó fọ́.

Nígbà tí àwọn mìíràn gba Tom lọ́wọ́ Hanna àti Barbera, ohun tí wọ́n gbàgbé nìyí. Gene Deitch ṣe mẹ́tàlá ní Prague ní 1961 àti 1962. Ó fún Tom ní ọ̀gá kan tó sanra, tó máa ń bínú tó sì máa ń lù ú bí ẹni lu bàrà, ṣùgbọ́n a ò rí ìdí tí Tom fi dúró sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí náà ìyà lásán ni, ẹ̀rín ò sí níbẹ̀. Chuck Jones ṣe mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n láti 1963 sí 1967. Àwòrán rẹ̀ dára, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó fún Tom ní ìpéǹpéjú ńlá àti ojú ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Tom tó mọ̀ pé eré lòun ń ṣe kì í ṣe Tom. Nígbà tó wá di fíìmù gígùn ti 1992 tí wọ́n jẹ́ kí òun àti Jerry máa sọ̀rọ̀ wérewère, a pa á kó tó dé ìdajì.

Ó wá ku ohun tó dá wa padà. Ní ilé iṣẹ́ kan tí a ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n pe àwa méje sí ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Ajé kan. Wọ́n ní irinṣẹ́ tuntun ti dé tó ń kọ kóòdù fúnra rẹ̀, kò ní í rẹ̀ ẹ́, kò ní í béèrè owó ìsinmi. Kí oṣù tó parí, mẹ́ta nínú wa ti lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n tó kọ́ gbogbo wa níṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, a ò lè sùn, a ṣí fóònù, ohun tí ọwọ́ wa sì bà ni Push-Button Kitty.

Ọdún 1952 ni wọ́n ṣe é, fíìmù tí obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ yẹn fi dágbére fún wa. Tom ti sọ̀lẹ. Obìnrin náà ra ológbò onírin kan tó ń jẹ́ Mechano, rìmóòtù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Mechano mú Jerry lẹ́sẹ̀ kan náà, ó jù ú síta. Jerry padà, ó tún mú un. Tom wo ẹ̀rọ, ó wo ara rẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀. Ẹ lọ wo bó ṣe rìn jáde. Níbẹ̀, wọ́n lé e láìjẹ́ pé nǹkan fọ́. Èkúté ń bẹ, iṣẹ́ ń bẹ, òun nìkan ni wọn ò fẹ́ mọ́.

Jerry wá tú àwọn èkúté onírin sílẹ̀ nínú ilé. Mechano ń lé wọn. Ó la ògiri kọjá, ó fọ́ àga, ó fọ́ tábìlì, ó fọ́ ohun gbogbo tó wà láàárín òun àti èkúté. Ẹ má sọ pé ó bàjẹ́ o. Kò bàjẹ́ rárá. Wọ́n ní kó mú èkúté, èkúté ló ń mú. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé ilé ni ìdí tí a fi ń mú èkúté. Tom fún ara rẹ̀ ti mọ ìyẹn láti 1940, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ife kan halẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọ́fíìsì wa, oṣù kejì lẹ́yìn ìpàdé yẹn, a ní kí irinṣẹ́ tuntun rí i pé gbogbo ìdánwò tí a fi ń yẹ kóòdù wò yege. Nígbà tó máa di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ti yege. Ó ti pa àwọn tí kò yege rẹ́.

Nínú fíìmù, ẹ̀rọ túká, obìnrin náà sáré pe Tom padà wọlé, ó tún wá ń pọ́n ọn lé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan nínú ìfun Mechano ti já sí Tom lẹ́nu, ó gbé e mì. Bí èkúté onírin kan ṣe yọjú báyìí, ara Tom gan pa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ẹ̀rọ, ó ń fi orí la inú ilé kọjá.

Wọ́n ti pe ẹ̀gbọ́n wa náà padà, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Irinṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n ní kó máa lò. A fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò dáhùn títí tí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó dáhùn, ó ní, "Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bá mi bi wọ́n, nígbà tí wọ́n pe ológbò yẹn padà, ṣé iye tí wọ́n ń san fún un tẹ́lẹ̀ náà ni?"